Ajá Tí Mo Ń Fi Orúkọ Rẹ̀ Jà

Ojúátìwọ́n ni mo sọ ajá mi, mi ò sì ní purọ́, mo mọ ohun tí mo ń ṣe lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ìrẹmọ tí wọ́n bí mi sí, a kì í ṣàdédé sọ ajá lórúkọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ ọ́ sójú olúwa rẹ̀, ajá ni yóò fi ọ̀rọ̀ náà sọ. Yóò wá máa pe ajá láàárọ̀, yóò máa pè é nírọ̀lẹ́, títí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò fi gbọ́. Bí ẹni náà bá bínú jáde, yóò ní, "Ṣé kí n má pe ajá mi mọ́ ni?" Ta ni yóò bá ènìyàn ṣẹjọ́ nítorí pé ó pe ajá rẹ̀?

Ẹni tí ọ̀rọ̀ tèmi kàn ni Awóyẹmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ilẹ̀kùn rẹ̀ àti tiwa kọjú síra nínú agbo ilé, àgbàlá kékeré kan ló wà láàárín. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, bùọ̀dá ni mo sì ń pè é láti kékeré. Ọdẹ ni. Bàbá mi, Láoyè, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ọdẹ àparò, ló kọ́ ọ níṣẹ́, torí wọn kò bí ọmọkùnrin. Èmi Àṣàbí nìkan ni wọ́n bí, èmi sì rèé, láíbìrì Yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́tàlélógún. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ kò ju kí n máa to ìwé, kí n sì máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

Ajá bàbá mi tó gbẹ̀yìn, abo kan tó ń jẹ́ Ẹ̀yìnlọ̀la, ejò ló bù ú ṣán nínú igbó. Ó fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀, akọ, pupa rúsúrúsú, funfun díẹ̀ lọ́rùn, etí kan nà, etí kan wó. Ìran ajá yẹn ti wà nílé wa kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, wọn kò lè tọ́ ajá mọ́. Ni ẹbí bá jókòó lórí ẹni tí yóò mú ọmọ ajá. Awóyẹmí ti nawọ́ sí i. Mo ní èmi ni mo fẹ́ ẹ.

Awóyẹmí rẹ́rìn-ín. "Àṣàbí, ajá tí obìnrin bá tọ́, ìdí ààrò ni yóò ti máa ṣọdẹ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo ní ìbínú, ogún ìyá mi ni, mi ò lè sẹ́ ẹ. Bàbá mi gbọ́ bí mo ṣe ń mí, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní kí ẹ̀rín ó tó.

Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni mo fún Àṣàbí. Bí ajá yìí bá gbé ẹyẹ lé e lọ́wọ́ ní Ọjọ́ Ajá, òun ló ni ín. Bí ẹ̀ẹ̀rùn kejì bá kọjá tí kò gbé e lé e lọ́wọ́, Awóyẹmí, wá mú ajá rẹ. Mú ṣaworo mi mọ́ ọn."

Idẹ ni ṣaworo yẹn, ó ti wà lọ́rùn ajá mẹ́fà ṣáájú èyí. Bí ó bá ti ń dún nínú igbó, bàbá mi á mọ̀ bóyá ajá ń sáré lásán ni, tàbí ó ń tọ ipa, tàbí ó ti rí i. Ọjọ́ Ajá sì ni ọjọ́ tí àwọn ọdẹ agbègbè wa máa ń kó ajá wọn jọ lọ́dọọdún, nígbà ọyẹ́, ní oko àtijọ́ kan lẹ́yìn Òkè-Ògbó. Ajá gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ bí ìbọn bá dún. Ó gbọ́dọ̀ wá ẹyẹ tó já bọ́ rí. Olówó rẹ̀ yóò sì pe orúkọ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ajá yóò gbé ẹyẹ wá fi lé e lọ́wọ́. Ìpè mẹ́ta péré ni. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó tán.

Ní ọjọ́ kejì ìpàdé ẹbí, mo dúró láàárín àgbàlá, mo kọjú sí ilẹ̀kùn Awóyẹmí, mo ké pe ọmọ ajá tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì: "Ojúátìwọ́n!" Kí oṣù tó parí, Awóyẹmí náà lọ ra ọmọ ajá dúdú kan, ó sọ ọ́ ní Ẹjẹ́káwòó. Àárọ̀ wá dùn nílé wa. Èmi á ní ojú á tì wọ́n, òun á ní ẹ jẹ́ ká wò ó, àwọn ìyàwó ilé á máa rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ omi.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa títọ́ ajá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Fìyìnfólúwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi fídíò àwọn òyìnbó hàn mí lórí fóònù, ajá wọn ń gbọ́ fèrè bí ọmọ ogun. Mo ra fèrè. Mo fọn ọ́n títí ètè mi fi wú, ajá lọ sùn sábẹ́ tábìlì. Awóyẹmí yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ o." Mo ju fèrè náà sínú àpótí, títí di òní ibẹ̀ ló wà.

Mo fún un ní òkú àparò kan kí ó lè mọ òórùn rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tìyẹ́ tìyẹ́. Mo wá mú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan, mo ki háríhá àgbàdo sí i, mo rán ìyẹ́ àparò mọ́ ọn lára, mo sì ń fi ìyẹn kọ́ ọ. Ìyẹ́ yòókù wà nínú fíríìsà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Àwọn ọmọ ìjọ wa wá kí mi lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn ṣí fíríìsà láti mú omi tútù. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n àdúrà tí wọ́n gbà kí wọ́n tó lọ gùn púpọ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ìbọn dún ẹ̀ẹ̀kan péré, Ojúátìwọ́n já okùn, ó di àwátì. Ọjọ́ kẹta ni mo rí i lẹ́yìn ilé epo kan lójú ọ̀nà Òkè-Ògbó, ó ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀rùn kan ti lọ, ó ku ọ̀kan.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń lu ọmọrí ìkòkò nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, láti òkèèrè lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà nítòsí, lẹ́yìn náà lẹ́bàá etí rẹ̀. Ní oṣù kẹta, bí nǹkan bá ti dún gbàà, ìrù ló ń jù. Lọ́jọ́ tí tiransifọ́má àdúgbò bú, gbogbo ènìyàn sá wọlé, ajá tèmi sá jáde, itọ́ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń wá àwo oúnjẹ.

Òwúrọ̀ Sátidé kan lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ohun tó yí mi padà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Mo ti fi ìbọ̀sẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ náà pamọ́ sí oko kan tí wọ́n ti pa tì láti ìrọ̀lẹ́ àná, mo sì rò pé òjò ti fọ òórùn rẹ̀ lọ. Ojúátìwọ́n ń sáré kiri, ṣaworo ń dún. Lójijì ó dúró. Ó yí orí díẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣaworo dákẹ́. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ó rìn, kò sáré, ó rìn tààrà, ó la eèsún kọjá, ó gun orí ebè àtijọ́, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó sì ki ẹnu bọ abẹ́ ewé kan tí èmi tí mo fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀ gan-an kò rántí mọ́.

Ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ìwé tí mo ti tò láti ọdún mẹ́tàlélógún, kò sí èyí tó sọ fún mi pé ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kún fún ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kà. Ajá tí mo ń fún ní ẹ̀bà tó kù sínú àwo, òun ń kà á. Mo jókòó sórí ebè tútù yẹn, mo sunkún díẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá imú. Mo fẹ́ rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Nínú gbogbo agbo ilé wa, Awóyẹmí nìkan ni ìbá yé, torí náà mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àárín ìgbà òjò yẹn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù kan pa Ẹjẹ́káwòó. Awóyẹmí gbé òkú rẹ̀ wálé lórí ọ̀kadà, ó ti fi ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ wé e, ó sì sin ín sẹ́yìn ilé. Ó yẹ kí n lọ kí i. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdí ààrò ṣì ń ta mí lára. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo jáde sí àgbàlá, mo kọjú sí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo pe ajá mi ní ìgbà mẹ́fà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ omi. Awóyẹmí rọra pa fèrèsé rẹ̀ dé.

Láti ìgbà náà ni ìṣísẹ̀ márùn-ún ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fi ojú sí i nígbà náà. Ojúátìwọ́n á rí ohunkóhun tí mo bá fi pamọ́. Á gbé e bọ̀, á máa bọ̀, á máa bọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ku ìṣísẹ̀ márùn-ún kó dé ọ̀dọ̀ mi, á jókòó. Bí mo bá pe orúkọ rẹ̀, á fà sẹ́yìn. Bí mo bá fi ohùn líle kún un, á sọ nǹkan náà sílẹ̀, á fi ikùn lélẹ̀. Mo fi ẹran bẹ̀ ẹ́. Mo so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, mo fà á, ó tẹ̀ lé okùn, ó fi ẹyẹ sílẹ̀. Mo bínú, mo sọ igi sí i lọ́jọ́ kan. Igi náà kò bà á, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí bà mí. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń wo ìṣísẹ̀ márùn-ún yẹn, ọyẹ́ sì ti dé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá sí Ọjọ́ Ajá. Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, èmi sì wà ní àgbàlá, mò ń pariwo orúkọ.

"Àṣàbí," wọ́n pè mí. "Ta lò ń pè?"

"Ajá ni, bàbá."

"Éè ṣe ajá lò ń pè." Èdè Ifẹ̀ ni bàbá mi máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ bá le. "Ojú mi ló kú, etí mi kò tíì kú. Gbogbo ìgbà tí o bá pe orúkọ yẹn, ẹnu ọ̀nà Awóyẹmí ni ohùn rẹ ń lọ. Ìjà ni ajá ń gbọ́. Ẹyẹ wà lẹ́nu rẹ̀, ìjà wà níwájú rẹ̀. Ṣé ìwọ á gbé ẹrù wọnú ìjà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú wo ìgbà tí mo ti fi ohùn jẹ́jẹ́ pe ajá yẹn lórúkọ rí. Bí mo bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, ọmọrí ìkòkò ni mo ń lù. Bí mo bá ń fọwọ́ pa á lórí, mi ò kì í sọ̀rọ̀. Orúkọ rẹ̀, ìgbà tí mo bá fẹ́ fi gún ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìkan ni mo ń mú un jáde, bí ẹni mú ọ̀bẹ jáde nínú àkọ̀. Ojú tì mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n yí orúkọ rẹ̀ padà," mo ní.

"Ọjọ́ mẹ́wàá kò tó ajá láti mọ orúkọ tuntun. Orúkọ náà kò burú. Ohun tí o fi sínú rẹ̀ ló burú. Lọ yọ ọ́ kúrò." Wọ́n tún ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó dùn-ún sọ lẹ́nu. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ní àràárọ̀, kí oòrùn tó le, mo ń mú ajá lọ sí oko tí wọ́n pa tì yẹn. Mo ń jókòó sórí ilẹ̀, mo ń na àtẹ́lẹwọ́, mo sì ń fi irú ohùn tí a ń lò ní láíbìrì pe orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó di ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún ó di mẹ́ta. Ní ọjọ́ keje mo kàn rántí ẹ̀rín ọjọ́ ìpàdé ẹbí nínú ọkàn mi, mi ò sọ nǹkan kan jáde o, ohùn mi kò sì yí padà létí tèmi, ṣùgbọ́n Ojúátìwọ́n dìde, ó padà sẹ́yìn lọ jókòó sí ibi ìṣísẹ̀ márùn-ún. Ohun tí mo fi pamọ́ fún ara mi gan-an, ajá yìí ti gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó di ìṣísẹ̀ méjì. Kò dé ọwọ́ mi. Ọ̀la ni Ọjọ́ Ajá.

Ọyẹ́ ọjọ́ náà le, ètè gbogbo ènìyàn ti bó. Ọdẹ bí ogójì ló pé jọ sétí oko, ajá lé ní ogún. Baba Akínkúnlé, olórí àwọn ọdẹ, ló ń pe orúkọ. Awóyẹmí dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò mú ajá kankan dání, okùn òfìfo ló so mọ́ ìbàdí. Mo mọ ohun tí okùn náà wà fún. Bí ìpè mi kẹta bá kùnà, ọrùn ajá mi ni yóò wọ̀.

Àwọn ajá tó ṣáájú tèmi ṣe wàhálà púpọ̀. Ọyẹ́ ti gbẹ òórùn kúrò lórí ilẹ̀, àwọn ajá tó mọṣẹ́ ń fi imú gbá ilẹ̀ kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Mẹ́ta péré ló rí ẹyẹ.

Ó kàn mí. Wọ́n lé àparò kan dìde, ìbọn dún. Ojúátìwọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó wo ojú mi bóyá oúnjẹ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ náà kò kú. Apá rẹ̀ ni ìbọn ṣẹ́. Ó já bọ́, ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ sáré wọ inú eèsún lọ, ó gba apá àkùrọ̀.

"Èyí ti lọ," ọdẹ kan sọ lẹ́yìn mi. "Kò sí ajá tó lè rí ìyẹn nínú ọyẹ́."

Mo fi ọwọ́ kan èjìká ajá mi, ó lọ.

Ó dé ibi tí ẹyẹ ti bọ́, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó yí orí. Mo mọ ìdúró yẹn. Ó wọ inú eèsún, a kò rí i mọ́, ṣaworo nìkan la ń gbọ́. Ṣaworo lọ sí ìsàlẹ̀. A gbọ́ ọ nínú omi, a gbọ́ ọ ní òdìkejì omi, lẹ́yìn náà ó jìnnà, ó di tín-ín-rín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ pátápátá.

Ogójì ọdẹ dákẹ́. Àwọn ajá yòókù dákẹ́. Mo gbọ́ bí ewé gbígbẹ ṣe ń bọ́ lára igi. Ó pẹ́. Baba Akínkúnlé ti ń gbé ọwọ́ sókè láti ní kí n pè é padà, nígbà tí ṣaworo tún dún, díẹ̀díẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, eèsún sì là. Ojúátìwọ́n jáde. Ó tutù dé etí, ẹ̀gún ti ya imú rẹ̀. Àparò náà wà lẹ́nu rẹ̀, orí rẹ̀ nà sókè, ojú rẹ̀ ń ṣẹ́. Ẹyẹ náà wà láàyè.

Àgbà ọdẹ kan ní "Há!" bí ọmọdé. Èmi tí mo tọ́ ọ, mo dúró bí ẹni tí kò rí ajá rí láyé rẹ̀. Mo ronú pé irú èyí kò tọ́ sí mi, ẹni tó lu ọmọrí ìkòkò, tó sọ igi.

Ó ń bọ̀. Ó dé ibi ìṣísẹ̀ márùn-ún. Ó jókòó.

Mo jókòó sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo na ọwọ́, mo pè é. "Ojúátìwọ́n." Kò mira.

"Ìpè kan," Baba Akínkúnlé ní.

Mo tún pè é. Ẹ̀rù ti yọ́ di ìbínú nínú mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ajá fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Ìpè méjì."

Mo gbójú sókè láti wo Awóyẹmí. Kí n má parọ́, mo fẹ́ rí ayọ̀ ojú rẹ̀ kí n lè kórìíra rẹ̀ dáadáa. Kò tilẹ̀ wò mí. Ó ti ṣí fìlà, ó fún un mọ́ àyà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ajá ló ń wò. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí ohun tó ń sọ. "Lọ bá a," ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Lọ bá a, ọmọ Ẹ̀yìnlọ̀la. Lọ bá a."

Ọkùnrin tí yóò jogún ajá náà bí mo bá kùnà, tó ti so okùn mọ́ ìbàdí wá, òun ló ń bẹ ajá pé kó wá sọ́dọ̀ mi. Mo rí i pé ohun tó gbá mi mú lórí ebè ní Sátidé òjò yẹn, òun náà ló gbá a mú báyìí. Nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, àwa méjèèjì nìkan ló mọ Ẹ̀yìnlọ̀la láti ìgbà tó wà lọ́mọ ajá. Àwa méjèèjì la jọ máa ń dúró ti ṣaworo nígbà tí mo wà ní kékeré, òun á gbé mi lé èjìká kí n lè rí ajá bàbá mi bí ó bá yọ. Mo ti gbàgbé ìyẹn. Mi ò mọ bí mo ṣe gbàgbé rẹ̀.

Nǹkan kan tú nínú mi. Mo wo ajá. Mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò sì mọ ìgbà tí mo pè é tán, torí pé mi ò fi nǹkan kan sí i mọ́. Ajá kan ló wà níwájú mi, mo sì pè é.

Ojúátìwọ́n dìde. Mẹ́rin. Mẹ́ta. Méjì. Ó dúró níbi méjì, ó mí èémí gígùn kan jáde ní imú. Ó rìn wá, ó gbé àgbọ̀n lé àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì la ẹnu.

Ẹyẹ náà gbóná. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì lọ́wọ́ mi. Baba Akínkúnlé bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka wá gbogbo ara rẹ̀ bóyá eyín kàn án. Eyín kò kàn án. Ajá ará Mọ̀dákẹ́kẹ́ kan ló gba ipò kìn-ín-ní lọ́jọ́ náà, torí pé òun gbọ́ ìpè àkọ́kọ́, ó sì tọ́ sí i. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Nígbà tí a délé, mo gbé àparò lé bàbá mi lọ́wọ́. Wọ́n fọwọ́ tọ́ ọ wò láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n wá ojú eyín, wọn kò rí i. Wọ́n ní, "Ta lò ń pè lónìí?"

"Ajá ni, bàbá."

Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo kọjá àgbàlá lọ kan ilẹ̀kùn Awóyẹmí. Ó tó ọdún méjì tí mo ti kàn án kẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọjọ́ tí Ẹjẹ́káwòó kú."

Kò sọ pé kò sí nǹkan. "Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Ìgbà mẹ́fà ni. Mo kà á." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìdí ààrò tí mo sọ náà, kò dára. Dìde ńlẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ nígbà tí ó ń múra igbó. Ìbọn, àpò, kò sí ajá. Mo mú ṣaworo, mo so ó mọ́ ọrùn Ojúátìwọ́n, mo ṣílẹ̀kùn. Awóyẹmí dúró láàárín àgbàlá, ó wò wá, ó yé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́. Orúkọ tí mo fi gún un fún ọdún méjì, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é, bí ẹni pé orúkọ ọmọ ni.

Ajá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó yíjú wò mí.

"Bá bùọ̀dá lọ," mo ní. "Kí o mú wọn padà wálé."

Ó lọ. Mo padà lọ jókòó ti bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì jọ ń gbọ́ ṣaworo náà títí ó fi kọjá ìyànà.